Ta Ni Yóò Ṣáájú? Ojú Ọjọ́ àti Olùdarí Òfurufú Nínú Sìmúlétọ̀ Bàálù

Ìlú Paris ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, bàálù Airbus A320 kan ń sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò sí pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle. Olùdarí òfurufú sọ fún àwọn awakọ̀ pé QNH jẹ́ 1011, bẹ́ẹ̀ 1001 ni í ṣe. QNH ni nọ́ńbà tí awakọ̀ ń yí sínú aago tí ń wọn gíga, kí aago náà lè mọ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe wúwo tó. Bí nọ́ńbà yẹn bá fi ẹyọ kan yẹ̀, aago yóò fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 28 ṣìnà. Ẹyọ 10 ni ti Paris fi yẹ̀. Aago ní ọkọ̀ ṣì wà lókè dáadáa, àmọ́ BEA, àjọ tí ń wádìí ìjàǹbá òfurufú nílẹ̀ Faransé, fi hàn pé ẹsẹ̀ bàtà 6 péré ló kù kó kan ilẹ̀ kí ó tó rí i gbéra padà, kò sì tíì dé ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Ojú ọjọ́ ń sọ tirẹ̀, olùdarí ń sọ tirẹ̀.

Àṣìṣe ẹnu ni ti Paris. Nínú sìmúlétọ̀, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń fara wé wíwa bàálù, bí wọ́n ṣe to nǹkan gan-an ló ń bí irú ìyapa bẹ́ẹ̀. Láti ayé Microsoft Flight Simulator X ti ọdún 2006, àti ṣáájú ìgbà náà pàápàá, ni àwọn olùlò ti ń ra àfikún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: wọ́n ra Active Sky fún ojú ọjọ́, wọ́n lọ ra ohùn olùdarí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kálukú sì ń wá ìròyìn tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Microsoft Flight Simulator tó jáde ní 2020 tún mú ẹnìkẹta wọ̀ ọ́. Meteoblue, iléeṣẹ́ kan ní Basel ní Switzerland, ló ń pèsè ojú ọjọ́ rẹ̀, ìṣirò ni wọ́n sì fi ń ṣe é. METAR, tí ètò olùdarí ń kà, ní tirẹ̀ jẹ́ ìròyìn ohun tí wọ́n fi ojú àti ẹ̀rọ rí ní pápákọ̀ òfurufú, ní wákàtí wákàtí tàbí ní ìdajì wákàtí. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Ìkẹjà. Ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ méjèèjì tó wà ní pápákọ̀ Murtala Muhammed, àríwá sí gúúsù ni wọ́n nà, wọ́n kọ 18 sí apá kan, 36 sí apá kejì. Ká ní METAR aago mẹ́ta ọ̀sán sọ pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti 200 dígíríì, nọ́ọ̀tì 8. Ètò olùdarí yóò mú 18, ó sì tọ̀nà. Nígbà tí yóò fi tó ogún ìṣẹ́jú, ìjì òjò ti ìlà-oòrùn dé, bí ó ti máa ń ṣe nílẹ̀ wa. Afẹ́fẹ́ yí sí 060, ó di nọ́ọ̀tì 24. Ètò ojú ọjọ́ ti mọ̀, olùdarí kò mọ̀. Ó ṣì ń pe èèyàn wá sí 18, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì 12 afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn, nígbà tí ọ̀pọ̀ Boeing 737 kò gbọdọ̀ kọjá 10. Àwọn bàálù tí kọ̀ǹpútà ń wà, tí wọ́n ń tẹ̀lé ojú ọjọ́ inú sìmúlétọ̀, yóò sì máa bọ̀ wá pàdé rẹ̀ láti 36.

Èrò mi ni pé ká yéé béèrè èyí tó dára jù nínú àwọn ètò wọ̀nyí, ká béèrè ta ni yóò ṣáájú, ta ni yóò tẹ̀lé. Iye èèyàn tó jọ wà lójú òfurufú náà ló ń dáhùn. Bí èèyàn bá ń dá wa bàálù tirẹ̀, ojú ọjọ́ ni kó ṣáájú. Kí ètò olùdarí má ṣe lọ bá METAR níta rárá. SimConnect, ọ̀nà tí ètò òde fi ń bá sìmúlétọ̀ Microsoft sọ̀rọ̀, lè sọ afẹ́fẹ́ tó yí ọkọ̀ ká fún un. Ti pápákọ̀ tó ṣì jìnnà, kó gbà á lọ́wọ́ ètò tó gbé ojú ọjọ́ wọlé. (Ẹni tó bá sì dá aago sìmúlétọ̀ padà sí àná, METAR òní kì í ṣe tirẹ̀.) Lórí VATSIM, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn awakọ̀ sìmúlétọ̀ ti ń fò pọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, ọ̀rọ̀ yí padà. Èèyàn gidi tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ló jókòó bí olùdarí, METAR ló wà níwájú rẹ̀, kò sì lè rí ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà awakọ̀ kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, ojú ọjọ́ ni kó tẹ̀lé olùdarí.

Ẹnìkan lè ní láyé gidi pàápàá METAR a máa pẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà láyé gidi, ìròyìn rẹ̀ ló pẹ́. Olùdarí ní ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́ níwájú, bí ìyípadà bá sì pọ̀, wọ́n a gbé ìròyìn àkànṣe tí à ń pè ní SPECI jáde láìdúró de wákàtí. Nínú sìmúlétọ̀, ojú ọjọ́ méjì ló wà, kò sì sí ohun tó fi dandan lé e pé kí wọ́n pàdé. Àwọn tó ń kùn pé METAR yóò ba ẹwà ìkuukùu jẹ́, ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀: METAR kò sọ ju ti pápákọ̀ àti àyíká rẹ̀ lọ, Microsoft fúnra rẹ̀ sì ti pa á pọ̀ mọ́ ti Meteoblue lẹ́yìn náà.

Àtakò tó wúwo ni ti ẹni tó ní eré ni eré ń jẹ́, bọ́tìnnì B sì wà lórí kíbọọ̀dù. Tẹ̀ ẹ́, aago gíga yóò mú QNH inú sìmúlétọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí bọ́tìnnì yìí ń kọ́ni ni pé nọ́ńbà tí olùdarí kà kò já mọ́ nǹkan, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn gan-an ló yẹ kí awakọ̀ gbà, kó kà á padà, kó sì fi wé òmíràn. Lórí VATSIM, kò tilẹ̀ gbani bí nọ́ńbà inú sìmúlétọ̀ bá yàtọ̀ sí ti olùdarí. Ẹni tó bá tẹ B, aago rẹ̀ bá ilẹ̀ mu, àmọ́ olùdarí yóò rí i pé kò sí ní gíga tí òun fún un. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà olùdarí, ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mu lókè, ilẹ̀ ni yóò tàn án. Ká ní QNH inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi 4 dín sí ti olùdarí. Nígbà tí aago bá ní ó ku ẹsẹ̀ bàtà 200 sí ilẹ̀, níbi tí ẹni tó ń fi ILS Category I (àmì rédíò tí ń darí bàálù sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀) balẹ̀ ti gbọ́dọ̀ pinnu bóyá ó rí ojú ọ̀nà tàbí kò rí i, nǹkan bí 88 ló kù lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tí wọ́n fún un náà ló yí sí i.