Igbe Gbòǹgbò àti Àfòmọ́ tí Ń Gbọ́ Ọ



Irúgbìn ò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá. Bí oòrùn bá mú, ibẹ̀ ló wà; bí ilẹ̀ bá ṣá, ibẹ̀ náà ló wà. Họ́mónù ló fi ń wá ọgbọ́n dá sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Lọ́dún 1880, Charles Darwin àti ọmọ rẹ̀ Francis kọ ọ́ sínú ìwé pé orí ọ̀mùnú koríko ló ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ orí náà ló ń tẹ̀. Iṣẹ́ kan ń ti òkè lọ sísàlẹ̀ nìyẹn. Auxin ni wọ́n padà pe ìránṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ nílé ìwé, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Èyí tí mo gbé wá lónìí ni strigolactone. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá wọ́n nínú ilẹ̀, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè rẹ̀ lọ́pọ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á gba inú igi lọ sókè, á ní kí ẹ̀ka má pọ̀, torí oúnjẹ ò tó pín. Ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ ní Faransé àti Japan fìdí èyí múlẹ̀. Ìyókù á jáde sínú ilẹ̀ láti ké sí olú kan tó rí bí òwú tín-ín-rín. Olú yìí á wọnú gbòǹgbò, á máa bá a fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wá láti ibi tí ọwọ́ gbòǹgbò ò tó, gbòǹgbò á sì máa fi ṣúgà san án fún un. Èyí tó pọ̀ jù nínú irúgbìn orí ilẹ̀ ló ní irú àdéhùn yìí.

Àmọ́ igbe tí a ké ní gbangba, kì í ṣe ọ̀rẹ́ nìkan ló ń gbọ́ ọ. Àfòmọ́ kan wà tí kì í gun orí igi bíi ti ara obì; abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń mú gbòǹgbò. Striga ni. Hóró rẹ̀ kéré bí eruku, Striga kan ṣoṣo lè da ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀ ìgbà sílẹ̀, wọ́n sì lè sùn nínú ilẹ̀ ju ọdún 10 lọ. Bí ó bá hù láìrí gbòǹgbò mú, kíá ló ń kú. Nítorí náà, ó ń dúró de òórùn strigolactone. Kí àgbẹ̀ tó rí òdòdó rẹ̀, ó ti fa omi àti oúnjẹ àgbàdo tán.

Ọ̀nà ọ̀tá yìí gan-an ni sáyẹ́ǹsì kọ́kọ́ gbà. Ní 1966, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí strigol, ọ̀kan nínú àwọn strigolactone, lára gbòǹgbò òwú, bẹ́ẹ̀ Striga kì í pa òwú lára rárá. Ó di 2005 kí wọ́n tó mọ̀ pé olú ni igbe náà ń pè.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè Ọya. Ilẹ̀ tó ti gbó, tí kò rí ajílẹ̀, ni gbòǹgbò ti ń ké jù; ibẹ̀ náà ni Striga ti ń jí jù. Inú máa ń bí mi bí ẹnìkan bá ní ọ̀lẹ ló kó àfòmọ́ bá àgbẹ̀ tí kò rówó ra ajílẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe pọ̀. Gbòǹgbò sóyà, òwú àti ẹ̀wà lè jí Striga tó ń jẹ ọkà, kó hù, kó sì kú láìjẹun. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba ẹ̀yin àgbẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ẹ máa pààrọ̀ ohun tí ẹ ń gbìn. (Ẹ ṣọ́ra o: ẹ̀wà ní Striga tirẹ̀ lọ́tọ̀.) Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn náà ti mú irú àgbàdo tó lè fara dà á jáde.

Kí ló dé tí a ò kàn pa igbe náà mọ́ gbòǹgbò lẹ́nu? Olú kò ní gbọ́ mọ́, ẹ̀ka á sì hù lọ rẹpẹtẹ. Ọkà bàbà kan ti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Ní 2017, a mọ̀ pé apilẹ̀ àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní LGS1 ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, torí náà oríṣi strigolactone mìíràn ló ń tú sílẹ̀, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jí Striga, tí olú sì ń dáhùn sí. Ní 2023, wọ́n rí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ nínú àgbàdo. Ohun tó kù báyìí ni láti fi ìwà yẹn sínú àgbàdo tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn láti gbìn, kí irúgbìn rẹ̀ sì dé ọjà ní owó tí apá wọn ká.