Eku, Oògùn Olóró àti Ilẹ̀kùn Tí A Tì

Ọ̀rọ̀ eku ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ àwa gan-an ló wà níbẹ̀.

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń fi eku ṣèwádìí bí oògùn olóró ṣe ń di bárakú. Wọ́n sábà máa ń fi eku kan ṣoṣo sínú àgò, wọ́n á fi bọ́tìnì kan síbẹ̀. Tí eku bá tẹ̀ ẹ́, oògùn á wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Eku á máa tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rí fà yọ ni pé ẹni tó bá ti tọ́ oògùn wò, ó parí fún un.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Bruce Alexander, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Simon Fraser ní Kánádà, wo ọ̀rọ̀ náà lọ́nà míì: kí ni eku tún fẹ́ ṣe nínú àgò tó ṣófo? Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ilé kan tí wọ́n pè ní Rat Park, tó fẹ̀ tó ìlọ́po 200 àgò lásán. Takọtabo wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń bímọ. Wọ́n gbé omi lásán àti omi aládùn tó ní mọ́fíìnì síwájú wọn. Àwọn eku tó dá wà nínú àgò mu omi mọ́fíìnì ju àwọn ará Rat Park lọ fíìfíì.

Nígbà tí àwọn míì tún un ṣe, àbájáde rẹ̀ kò bára mu nígbà gbogbo. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìwádìí kejì.

Ní 2018, Marco Venniro, Yavin Shaham àti ẹgbẹ́ wọn ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, fún àwọn eku tó ti ń lo oògùn ní ohun méjì láti yàn. Tí wọ́n bá tẹ ọ̀kan, wọ́n á rí methamphetamine, èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní ice. Tí wọ́n bá tẹ èkejì, ilẹ̀kùn á ṣí, eku ẹlẹgbẹ́ wọn á wà níbẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ ni wọ́n ń yàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgbà. Àmọ́ tí ilẹ̀kùn bá ń pẹ́ kó tó ṣí, tàbí tí iná mànàmáná bá ń gbé eku nígbà tó yan ẹlẹgbẹ́, ìdí oògùn ló ń padà sí.

Ẹ gbọ́ èyí náà: àwọn eku tí wọ́n kàn fi oògùn dù, ṣe ni ọkàn wọn túbọ̀ ń fà sí i bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ti àwọn tó rí ẹlẹgbẹ́ yàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé èèyàn kì í ṣe eku. Eku kì í wáṣẹ́, kì í san owó ilé. Ṣùgbọ́n ìwádìí 2018 nípa lílo oògùn ní Nàìjíríà fi hàn pé lágbègbè Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, 22.4% àwọn ẹni ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn láàárín ọdún kan. Kí la ń ṣe fún wọn? A máa ń yọ wọ́n kúrò nínú group WhatsApp. Àwọn òbí míì á tì wọ́n mọ́ yàrá. A ó ní, "Kọ́kọ́ jáwọ́ ná, ká tó máa ṣọ̀rẹ́." Ilẹ̀kùn tó ń pẹ́ kó tó ṣí nìyẹn. Èébú wa sì ni iná mànàmáná.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jà fitafita láti fi colorado sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ tó máa ń le jù ni ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó bá òun sọ̀rọ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ máa fún un lówó. Dókítà ṣì pọn dandan. Àmọ́ ẹ pe ẹnì kan lónìí. Ẹ má wàásù. "Ṣé o ti jẹun?" náà tó.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.