Bí A Ṣe Lè Ṣírò Oúnjẹ Òòjọ́ Kí Ara Lè Fúyẹ́
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa

 

Kò sẹ́ni tó lè gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ wa ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wa lọ rí dókítà. Dókítà wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ní ó ga, ó ní kó lọ dín ara kù. Ó tán síbẹ̀, kò sọ bí yóò ti ṣe é. Arákùnrin wa bá pinnu pé ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni òun yóò máa jẹun, èbà lọ́sàn-án, ó parí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, òòyì kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fa aṣọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ìbá fi san owó ìmọ̀ràn yẹn.

Ìdí nìyí tí àwa ìgbìmọ̀ fi jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ìṣirò ni, kì í ṣe ìyà. Àwa tí a máa ń ṣírò owó ofataìmù wa títí dé orí kọ́bọ̀ kí akọ̀wé owó tó mú ìwé jáde, ṣé oúnjẹ ẹnu wa ni a ò ní lè ṣírò?

Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ, bí a ti ń fi lítà wọn dísù tí a ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀. Èyí tí ara kò bá jó tán, ọ̀rá ni yóò fi ṣe. Ìṣirò tí Mifflin, St Jeor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 1990 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ oúnjẹ ń lò. Fi 10 sọ iye kílò rẹ di púpọ̀. Fi 6.25 sọ gíga rẹ ní sẹ̀ntímítà di púpọ̀, kí o ro méjèèjì pọ̀. Fi 5 sọ ọjọ́ orí rẹ di púpọ̀, kí o yọ ìyẹn kúrò. Bí o bá jẹ́ ọkùnrin, fi 5 kún un. Bí o bá jẹ́ obìnrin, yọ 161.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin ẹni ọdún 46, tó wọn kílò 90, tó ga ní sẹ̀ntímítà 170. 900 àti 1,062.5, ẹ yọ 230, ẹ fi 5 kún un: 1,737.5. Ohun tí ara rẹ̀ yóò jó nìyẹn bó tilẹ̀ sùn sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń jókòó ṣáá, 1.2 ni a ó fi sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó ń rìn díẹ̀, 1.375, ẹni tó ń ṣe wàhálà níwọ̀nba, 1.55, ẹni tó ń ru ẹrù gidi, 1.725. Ibí yìí ni irọ́ ti ń wọlé o. Gbogbo wa la máa ń sọ pé àwa là ń ṣiṣẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka tẹ bọ́tìnnì lórí àga, ẹ mọ ara yín. Bí ọkùnrin wa yìí bá mú 1.375, yóò tó nǹkan bí 2,400. Kó yọ 500, ó ku 1,900. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn lè dín ara rẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdajì kílò lọ́sẹ̀. Bí ó bá ti ń fúyẹ́ ni kó máa tún un ṣírò. Àfojúdá ni, ìwọ̀n ni yóò sọ òtítọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kí obìnrin má lọ sísàlẹ̀ 1,200, kí ọkùnrin má lọ sísàlẹ̀ 1,500, àfi bí dókítà bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Aboyún, ìyá ọlọ́mọ lọ́yàn, ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ àti ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ohun tí arákùnrin wa kò mọ̀ ni ti púrótíìnì, èròjà tí ń mọ iṣan àti ẹran ara. Gíráàmù 0.8 fún kílò kan ló tó ẹni tó wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dín ara kù ń fẹ́ 1.2, ó lè dé 1.6. Bí kò bá rí i, iṣan ni ara yóò máa jẹ mọ́ ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ iṣan yìí ni àwa ń tà fún iléeṣẹ́. Ọkùnrin oníkílò 90 yóò wá 108 lójúmọ́. Ẹyin kan ní nǹkan bí 6. Gíráàmù 100 ẹja sísè ní nǹkan bí 20, ẹ̀wà sísè tó wọn bẹ́ẹ̀ ní 8. Ẹyin méjì, ẹja 200, ẹ̀wà 400, ó ti di 84. Búrẹ́dì, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ yóò mú ìyókù wá. Gààrí ò ní ju bíńtín lọ. Egúsí ní in dáadáa, àmọ́ òróró inú rẹ̀ pọ̀, ẹ má fi kún abọ́. Ṣíbí ńlá epo kan ṣoṣo, 120 kálórì ni, ẹ sì ń rí bí epo ti ń léfòó lórí ọbẹ̀ kantíìnì wa.

A mọ̀ pé ẹyin àti ẹja ti wọ́n, kódà ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ mẹ̀kúnnù ti kúrò lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ìdí tí a fi kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá nìyẹn: ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ní kantíìnì, ẹyin kan fún ṣífítì òru, kí ẹja tóbi ju àtàǹpàkò lọ, kí wọ́n sì fi ṣíbí wọn epo. Wọn kò tíì fèsì. A ó gbé e kalẹ̀ nígbà tí a bá jókòó pẹ̀lú wọn lóṣù tó ń bọ̀, arákùnrin wa náà yóò sì bá wa lọ.

Ìwọ̀n wà ní yàrá ẹgbẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì, téèpù tí a ó fi wọn gíga wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ mú ọjọ́ orí yín tòótọ́ wá, kì í ṣe èyí tó wà nínú fáìlì.