Omi Ẹ̀rọ ní Kaolack

Ní Kaolack, ìlú ẹlẹ́pà tí ó wà lẹ́bàá odò Saloum ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, kò ṣòro láti rí àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí ń jẹ obì láti kékeré. Àlejò a máa pè é ní ọ̀bùn. Ẹ̀sùn èké ni. Omi inú ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó ṣe é.

Omi líle kì í fara pamọ́: ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀, èépá funfun a sì máa lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Ti fluoride kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ààlà. Ọ̀pọ̀ kànga jíjìn ní agbègbè náà ni ó ti kọjá rẹ̀. Ìyá tí ń se omi nítorí èyí ń ṣe làálàá lásán, nítorí omi ni iná ń fà gbẹ, fluoride kò lọ. Ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣì ń dàgbà nínú èrìgì ni ó ń ṣe ní jàǹbá, pákò kò sì lè fọ àmì náà kúrò.

Omi òjò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní i rárá. Ṣùgbọ́n nǹkan bí oṣù mẹ́rin péré ni òjò fi ń rọ̀ ní Kaolack.