Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ríru Ẹrù Ńlá ní Amẹ́ríkà
Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ka Houston bá ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá

 

Wọ́n ní kí àwa tí a wà ní Houston sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń pè wá béèrè: fífi tírélà ru ẹrù tó tóbi ju èyí tí òfin ojú ọ̀nà fàyè gbà lọ. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ká wa lára ni pé àwọn kan ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ bàbá wọn kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn mìíràn ti kọ̀wé sí alájẹṣẹ́kù ẹgbẹ́ láti yá owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ní àwọn òpópónà ńlá Amẹ́ríkà, fífẹ̀ ẹrù kò gbọdọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ínǹṣì 6 lọ. Àpapọ̀ ìwọ̀n ọkọ̀ àti ẹrù kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 80,000 lọ, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù 36. Ní ti gíga, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ti Texas jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14. Katapílà, tiransifọ́mà àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wa epo sábà máa ń kọjá ìwọ̀n yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rù wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó máa gbà kọjá. Láti Houston dé Oklahoma, ìwé méjì nìyẹn. Ìwé náà lè dárúkọ ọ̀nà tí ẹ máa tọ̀ àti àkókò tí ẹ lè rìn, ọ̀pọ̀ ni kò sì fàyè gba ìrìn òru. Ẹrù tí a lè pín sí méjì kì í sábà rí àṣẹ àpọ̀jù ìwọ̀n gbà; nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun á to ẹrù kéékèèké jọ di ẹrù ńlá.

Ṣéènì náà ní òfin. Ẹ̀rọ tó ní táyà tàbí ẹsẹ̀ irin, tó bá wúwo tó pọ́n-ùn 10,000, ó kéré tán ọ̀nà mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ fi dè é. Àpapọ̀ agbára àwọn ṣéènì kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì ìwọ̀n ẹrù. Bí katapílà bá wọn pọ́n-ùn 50,000, àpapọ̀ náà kò gbọdọ̀ dín sí 25,000.  

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ kan tó ru ẹrù gíga gba orí afárá odò Skagit kọjá ní ìpínlẹ̀ Washington. Ó ní ìwé àṣẹ. Ọkọ̀ atọ́nà wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn gíga. Síbẹ̀ ẹrù náà kọlu irin orí afárá, apá kan afárá sì wó sódò. Èèyàn mẹ́ta bá a lọ, Ọlọ́run sì yọ wọ́n láàyè. Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé ẹni tó wa ọkọ̀ atọ́nà ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Irin afárá náà sì ga láàárín ju ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ gbà lọ. Ìwé àṣẹ kì í gbé afárá sókè. Awakọ̀ ló ni ojú tó máa wò ó.

Báwo la ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Àkọ́kọ́, kí ìwé ìgbélùú àti ìwé iṣẹ́ pé. Fisà àbẹ̀wò kò fúnni láṣẹ iṣẹ́. Èkejì, láísẹ́ǹsì Class A. Láti oṣù Kejì ọdún 2022, ẹni tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ṣe ìdánwò ìwakọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹ wa ẹrù lásán fún ilé iṣẹ́ kan ná, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sábẹ́ ọ̀gá tó ń ru ẹrù ńlá, kí ẹ kọ́ dídè, wíwọ̀n àti bí a ṣe ń ka ìwé àṣẹ. Ẹ̀yìn èyí ni ríra ọkọ̀ kàn. Ẹni tó bá fẹ́ dá dúró, adójútòfò tí ìjọba àpapọ̀ béèrè kò gbọdọ̀ dín sí dọ́là 750,000, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì ń béèrè mílíọ̀nù kan. Owó tí ilé iṣẹ́ adójútòfò máa gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ní ìrírí lè jẹ gbogbo èrè rẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí alájẹṣẹ́kù máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kó má yá ẹnikẹ́ni lówó ọkọ̀ àfi ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lábẹ́ ọ̀gá. Kí ẹnikẹ́ni má sì ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ á gbó, ilẹ̀ kì í gbó. Àwa tí a wà ní Houston ti ṣe tán láti gba ẹni tó bá dé sílé, ká sì mú un mọ ọ̀nà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.