Bí Onílé Bá Dákẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)



Láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ọba, oníṣègùn àti olówó a máa ya iyàrá kan sọ́tọ̀ nínú ilé wọn fún ohun àrà: ìwo ẹranko, ìkarahun òkun, òkúta dídán, àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ọ̀nà jíjìn. Láti inú irú iyàrá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti hù jáde. Àkójọ Hans Sloane, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ni a fi dá British Museum sílẹ̀ ní ọdún 1753.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá gidigidi. Ní ìlú Ulm, ní ilẹ̀ Jámánì, oníṣòwò kan wà tí ń jẹ́ Christoph Weickmann. Ní ọdún 1659 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó to ohun inú iyàrá rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ pátákó fífín tí ó ti Allada wá, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Ọpọ́n Ifá ni! Ó ṣì wà ní Ulm di òní olónìí, òun sì ni àwọn onímọ̀ kà sí àgbà gbogbo ọpọ́n Ifá tí ó ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ìwé náà pè é ní pátákó ìrúbọ, ó sì ní àwòrán ẹ̀mí búburú ni ó kún ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́. Èkíní, ìwé ni kò jẹ́ kí ìgbàgbé gbé orírun ọpọ́n náà mì. Èkejì, bí onílé bá dákẹ́, àlejò ni yóò máa pa ìtàn ilé.

Ní ìlú tiwa ńkọ́? Ojú wa ni a ti fi ilẹ̀kùn fífín dáná, tí a sì ta ère ìbejì ní owó táṣẹ́rẹ́. Ọwọ́ àwa olùkọ́ pàápàá kò mọ́: à ń kọ́ ọmọ ní orúkọ odò òkèèrè, a kò bi í léèrè ohun tí ó wà ní àjà ilé bàbá rẹ̀. Lónìí, fóònù ti di iyàrá ohun àrà fún olúkúlùkù. Ṣùgbọ́n àwòrán tí kò ní orúkọ, tí kò ní ìtàn, kí ni yóò sọ fún ọmọ ọ̀la?

Ní Èsìẹ́, láti ọdún 1945 ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti wà. Inú ìlú wọn ni a ti ń tọ́jú àwọn ère òkúta wọn.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ wa kí ó ya iyàrá kan sọ́tọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìlú. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan fi ohun tí ó bá wù ú síbẹ̀. Ohun onílé ni yóò sì máa jẹ́. Kí ohun awo dúró lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Kí a kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó gbẹ́ ẹ tàbí tí ó hun ún, àti ìlò rẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.

Àgbà ń lọ, ìtàn ń bá wọn lọ. Ẹ jẹ́ kí a tètè mú kálámù.