Ẹ̀rọ Kò Lè Ṣe Adájọ́ Ọkàn

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó mọ ohun tí ahọ́n sọ àti èyí tí àyà gbé pamọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àwọn àgbà a máa wí pé ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ kò dénú. Inú yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá ọ̀nà láti rí. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2000, Elizabeth Phelps àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ojú aláwọ̀ dúdú àti ti aláwọ̀ funfun han àwọn aláwọ̀ funfun kan nínú ẹ̀rọ tí ń fi agbára òòfà ṣàkíyèsí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni amygdala, ẹ̀yà kékeré tí ó máa ń ta gìrì nígbà ìbẹ̀rù. Bí ó ṣe ta gìrì sí ojú aláwọ̀ dúdú tí wọn kò mọ̀ rí bá èsì ìdánwò tí ń wá ẹ̀tanú abẹ́nú mu. Kò bá ohun tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ mu.

Ǹjẹ́ ẹ̀rọ ti wá di arínú-róde bí? Ó tì o. Ohun tuntun àti ohun ayọ̀ pẹ̀lú a máa ru ẹ̀yà yìí sókè. Nígbà tí wọ́n sì lo ojú àwọn gbajúmọ̀ aláwọ̀ dúdú tí àwọn ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún, ìbáramu náà kò hàn mọ́.

Síbẹ̀, ní Íńdíà ní 2008, ilé ẹjọ́ kan ní ìlú Pune gba èsì ẹ̀rọ mìíràn, tí ń ka iná mànàmáná inú ọpọlọ, mọ́ àwọn ẹ̀rí tí ó fi dá obìnrin kan lẹ́bi ìpànìyàn. Ní 2010, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ níbẹ̀ pàṣẹ pé kò tọ́ láti fi tipátipá ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìsìláàmù ti la ọ̀nà yìí tipẹ́. Nígbà tí sàhábà Usama ọmọ Zayd pa ọkùnrin kan tí ó ti jẹ́rìí sí ìjẹ́-ọ̀kan Ọlọ́hun lójú ogun, tí ó ní ìbẹ̀rù ni ó mú un wí bẹ́ẹ̀, Ànọ́bì bá a wí gidigidi, ó sì bi í bóyá ó la àyà ọkùnrin náà wò. Ànọ́bì tún kọ́ni pé Ọlọ́hun ń ṣàmójúkúrò fún èrò tí ó sọ sí ọkàn onígbàgbọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sọ ọ́ jáde, tí kò sì fi í ṣe ìwà.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí yàgò fún àbá dídá nípa ọmọnìkejì, èyí tí Súrà Hujurat kọ̀ fúnni. Ọkàn ara rẹ̀ ni kí ó máa yẹ̀ wò. Bí ó bá rí ẹ̀tanú níbẹ̀ sí ẹ̀yà tàbí ẹlẹ́sìn mìíràn, kí ó sún mọ́ wọn, kí ó máa kí wọn, kí ó ṣe dáadáa sí wọn. Ojú tí ó ti di mímọ̀ kì í da àyà rú bí ojú àjèjì.

Kí Ọlọ́hun fọ ọkàn gbogbo onígbàgbọ́ òdodo mọ́ ṣáájú ọjọ́ tí àṣírí yóò tú. Àmín.